Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Ń Rẹ̀wẹ̀sì

Ìbéèrè: Bàbá Mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́. Ifẹ̀ ni mò ń gbé, àmọ́ Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi mi wà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jí dáadáa, àmọ́ tó bá sáré díẹ̀, agbára rẹ̀ á wálẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ fún rọ́bà ara ọ́ọ̀sì epo, èyí tó ń ti epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì, á tún sọjí. Mo ti pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì.

Ìdáhùn: Rọ́bà yẹn ló tú àṣírí: epo ni kò dé ibẹ̀ tó. Ẹ wo ìdérí táńkì, ṣé ihò atẹ́gùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí? Tó bá dí, epo ò ní wá. Ẹ tú ìdérí náà nígbà tó bá ń rẹ̀wẹ̀sì. Tó bá fa atẹ́gùn "fìì", ẹ ti rí i nìyẹn. Irú ẹ̀ ló mú kí n tú kabúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ kan palẹ̀ lásán n'Íléṣà níbí. Ojú tì mí! Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ yẹ fítà, ìyẹn asẹ́ epo, wò bóyá omi wà ńbẹ̀, kẹ́ ẹ wo ọ́ọ̀sì tó sán.