Àpótí ìwé ilẹ̀ mọ́kànlá: kí la ó kọ́kọ́ ṣe sí wọn?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì kékeré kan tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n kó àpótí mọ́kànlá wá fún wa láti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìwé títa ilẹ̀ àti ríra ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, rẹ́jísítà ńláńlá wà níbẹ̀, àwòrán sọ́fè tí wọ́n ká bí ẹní náà sì wà níbẹ̀. Àwọn kan ti bu, àwọn mìíràn ti ya, wọ́n sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá mi ní ká lámínétì gbogbo rẹ̀. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká sikáàn wọn, ká sì da bébà nù, torí àyè ò sí. Èmi ní tèmi rò pé kí n tò wọ́n ní orúkọ onílẹ̀, láti A dé Y, kó lè rọrùn fún ẹni tó bá wá wá ìwé. Èwo ló tọ̀nà?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ má bínú sí mi, kò sí èyí tó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tiyín gan-an ló sì ń já mi láyà jù, nítorí òun ló jọ iṣẹ́ rere jù lọ, kò sì sẹ́ni tó máa dá yín dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n kó fún yín. Ẹ̀rí ni. Lẹ́tà àtijọ́, èèyàn á kà á, á gbádùn rẹ̀, ó parí. Ìwé ilẹ̀ lè dé kóòtù lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Lọ́jọ́ tó bá sì débẹ̀, kí wọ́n tó bọ́ sórí ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á béèrè pé: níbo ló ti wá? Ọwọ́ ta ló ti kọjá? Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe àná ni wọ́n tì í bọ àárín àwọn yòókù?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ti wọlé. Bí ìwé ṣe ń dé ọwọ́ akọ̀wé ilẹ̀ ló ń fún un ní nọ́ńbà, tó sì ń tò ó tẹ̀ léra. Ìwé 212 wà láàárín 211 àti 213. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín ọjọ́ tiwọn, yíǹkì rẹ̀ sì yẹ kó jọ tiwọn. Ayédèrú lè sín ọwọ́ ìkọ̀wé jẹ, ó lè wá bébà àtijọ́ rí, ṣùgbọ́n àyè tí yóò jókòó sí láàárín àwọn ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣòro fún un láti rí. Ọjọ́ tí ẹ bá tú wọn ká, tí ẹ tò wọ́n ní orúkọ, ẹ ti bá a wá àyè. Láti ọdún 1841 ni ìjọba ilẹ̀ Faransé ti pa á láṣẹ fún àwọn olùtọ́jú ìwé rẹ̀ pé ìwé tó ti ọ́fíìsì kan wá kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ọ́fíìsì mìíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwa tá a ń ṣe iṣẹ́ yìí kárí ayé ló ń tẹ̀ lé e, a sì fi kún un pé bí ọ́fíìsì náà ṣe tò ó ni ká ṣe fi í sílẹ̀.

Orúkọ ni kí ẹ tò, ẹ má to ìwé. Ẹ ṣí ìwé atọ́ka kan sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó tà àti ẹni tó rà, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ rẹ̀, ibi tí ilẹ̀ wà, àti àpótí tó wà. Ẹ kọ orúkọ bí akọ̀wé ayé ìgbà yẹn ṣe kọ ọ́, kódà tó bá ṣì í kọ, kí ẹ wá fi èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí àyè bá wà, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ilẹ̀ wọn bá a pààlà. Ìyẹn máa ń wúlò ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ilẹ̀ máa ń pààrọ̀ onílẹ̀, obìnrin máa ń pa orúkọ dà lẹ́yìn ìgbéyàwó, èèyàn méjì sì máa ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n aládùúgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìyẹn, ẹ kọ ọjọ́ tí àpótí dé, ẹni tó gbé e wá, ẹni tó gbà á, àti ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ya fọ́tò àpótí kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ẹ ṣí i, kí ẹ tó yọ bébà kan nínú rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Tí wọ́n bá ní ọ́fíìsì yín ló ki ìwé kan bọ àárín àwọn yòókù, àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹ ó gbé jáde.

Ẹ má sì da ohun tó dà bí ìdọ̀tí nù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo yọ àwọn ìwé kan kúrò nínú àpòòwé wọn tó ti gbó, mo da àpòòwé nù kí àyè lè wà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wá béèrè ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn dé ọ́fíìsì, torí ọjọ́ yẹn ni gbogbo àríyànjiyàn wọn so mọ́. Ẹ̀yìn àpòòwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Etí bébà náà kì í ṣe ohun tí à ń gé kó lè bá fáìlì mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látijọ́, wọ́n máa ń kọ àdéhùn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí awọ kan ṣoṣo, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ là á ní wọ́gọwọ̀gọ. Ẹni tó tà á mú apá kan, ẹni tó rà á mú apá kejì. Tí ìjà bá dé, wọ́n á kó méjèèjì jọ: tí etí wọn bá wọ ara wọn, òótọ́ ni. Ẹni tó bá fi sísọ́ọ̀sì tọ́ irú etí bẹ́ẹ̀ ti gé ẹ̀rí náà dànù. Èdìdì ìda àti okùn tí wọ́n fi dè é náà kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ẹ bá mi dá ọ̀gá yín dúró lórí lámínétì. Ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń lẹ ọ̀rá mọ́ bébà, ásíìdì tó wà nínú bébà á sì há sínú rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú náà ti ṣe é rí. Ní àwọn ọdún 1930, William Barrow ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá kan tẹ ìwé àtijọ́ mọ́nú, ọ̀pọ̀ ilé ìpamọ́ ìwé sì rò pé wọ́n ti rí ojútùú. Àwọn tó jogún iṣẹ́ wọn ló wá ń fi kẹ́míkà bó ọ̀rá yẹn kúrò lónìí, ewé kan lẹ́yìn èkejì, iṣẹ́ tó ń jẹ owó tó sì ń jẹ àkókò. Ìbéèrè tí àwa máa ń bi ara wa rèé: ṣé a lè tú ohun tí a fẹ́ ṣe yìí láì ba ìwé jẹ́? Tí kò bá ṣe é tú, a kì í ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí sẹ́lótéèpù fi jẹ́ ọ̀tá wa. Lẹ́ẹ̀ rẹ̀ á wọ inú bébà, á pọ́n, á sì ba yíǹkì jẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ ya èyí tó ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ amọṣẹ́ ni. Ibi tó ya, bébà tín-ínrín ilẹ̀ Japan àti lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sítáàṣì àlìkámà ṣe ni àwọn amọṣẹ́ ń lò, torí omi díẹ̀ á tú u lọ́jọ́ iwájú. Tí kò bá sí amọṣẹ́, ẹ kàn fi ewé tó ya náà sínú fáìlì tí kò ní ásíìdì, kí ẹ fi í sílẹ̀. Pín-ín-nì àti sitepú tó ti dípẹtà, ẹ rọra yọ wọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ àwọn ewé tí wọ́n so pọ̀ sínú àkọsílẹ̀ yín. Pẹ́ńsù ni o. Ẹ má jẹ́ kí báírò sún mọ́ tábìlì yẹn.

Ẹ máa rí ohun kan tó máa yà yín lẹ́nu: ìwé ọdún 1790 lè le ju rẹ́jísítà ọdún 1930 lọ. Títí di nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 19, àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà. Ìgbà tí wọ́n bọ́ sórí igi ni ásíìdì wọ̀ ọ́, ìdí tí bébà ìwé ìròyìn àtijọ́ fi ń pọ́n tó sì ń rún nìyẹn. Ìwé awọ tún dáa ju méjèèjì lọ fún ọjọ́ gígùn. Ìwé tí wọ́n fi ka ilẹ̀ àti onílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1086, awọ àgùntàn ni, ó ṣì wà ní Kew, ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní London, títí dòní. Ṣùgbọ́n awọ ń kéré tí ooru bá kàn án, ó sì ń rọ̀ tí omi bá kàn án, nítorí náà ẹ má fi áyọ́ọ̀nù nà án o. Yíǹkì tó ti di pupa bí ìpẹtà nínú ìwé àtijọ́, irin ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀rinrin ló máa ń jẹ́ kó jẹ bébà wọ inú.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti bu: ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí, kí wọ́n má kó ran àwọn tókù. Ẹ má fi àkísà tútù nù wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe nínú oòrùn. Tí èébu náà bá ti gbẹ bí ìyẹ̀fun, ẹ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò níta. Tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti ń kọjá 65 nínú 100, èébu á máa rí àyè hù. Nítorí náà, kí yàrá yín wà láàárín 35 sí 50, kí ìgbóná rẹ̀ má kọjá 20 dígíríì tó bá ṣeé ṣe. Kó dúró sójú kan ṣe pàtàkì ju kó tutù lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń tàn láàárọ̀ tí wọ́n ń pa lálẹ́ ń mú kí bébà máa wú, kó máa súnkì, lójoojúmọ́. Ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀, ẹ má sì gbé e sábẹ́ páìpù omi.

Tí ìkún omi bá dé lọ́jọ́ kan, wákàtí 48 péré ni ẹ ní kí èébu tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ ò bá lè gbẹ ẹ́ láàárín ìyẹn, ẹ kó o sí fírísà. Lẹ́yìn ìgbì òkun ńlá tó kọ lu Aceh ní Indonesia ní oṣù December 2004, ìwé ilẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ rì sínú omi iyọ̀ àti ẹrẹ̀. Wọ́n fi wọ́n sínú òtútù, wọ́n wá fi ẹ̀rọ fa omi ara wọn jáde nígbà tí wọ́n ṣì dì bíi yìnyín. Ilé ti lọ, ààlà ti parẹ́, àwọn ìwé yẹn ló kù. Kòkòrò ajẹ̀wé náà, fírísà tó wà ní dígíríì 20 sí ìsàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì á pa á, tí ẹ bá fi ọ̀rá dì í pa dáadáa.

Ó ku ẹni tó ní kí ẹ sikáàn. Ìlàjì ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáa. Ní June 1922, nínú ogun abẹ́lé Ireland, iná jó ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Dublin, àkọsílẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lọ níbẹ̀. Ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn ti dà kọ tẹ́lẹ̀, tó wà káàkiri ní ibòmíràn, ni wọ́n fi ń tún un kó jọ títí dòní. Nítorí náà ẹ ya wọ́n: TIFF (irú fáìlì àwòrán tí kì í dín ohun tó wà nínú rẹ̀ kù) ní 400 dpi (ìyẹn ẹ̀kún àmì 400 nínú ínǹṣì kan), iwájú àti ẹ̀yìn, títí kan ewé tó dà bíi pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Àwòrán sọ́fè, ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yà á, torí lọ́jọ́ kan ẹnì kan á wọn ààlà lórí ẹ̀dà yẹn, láìmọ̀ pé kámẹ́rà ti dín in kù.

Ṣùgbọ́n kí ẹ da bébà nù? Rárá. Àmì omi inú bébà, ihò pín-ín-nì, bí yíǹkì ṣe wọlé, ibi tí wọ́n ti ha ọ̀rọ̀ kan kúrò tí wọ́n kọ òmíràn lé e, fọ́tò kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni a fi ń mọ ayédèrú.

Àwọn sọ́fè tí wọ́n ká, ẹ má fi agbára tú wọn. Ẹ tẹ́ èyí tó bá gbà láti tẹ́ sínú dúrọ́ọ̀ fífẹ̀, kí èyí tó bá ń dún pẹpẹ wà ní kíká lára páìpù páálí ńlá títí amọṣẹ́ á fi dé. Nínú wọn, ẹ wo àwọn tí ilẹ̀ wọn jẹ́ búlúù tí ìlà wọn funfun. Fáìlì tí wọ́n fi ẹfun sí láti pa ásíìdì, tó dáa fún bébà yòókù, máa ń ba àwọ̀ tiwọn jẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń jẹ́ kó ṣí. Tí ọ̀kan bá ti wà lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá yín, nínú férémù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ kọ́ síbẹ̀.