Processor ni kí n rà ni, àbí RAM?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Odogunyan tí mo ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì LASUSTECH tẹ iṣẹ́ wọn. Kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex 790 ni mò ń lò, processor rẹ̀ ni Core i3-2100, RAM rẹ̀ 2GB. Tí mo bá ṣí Word àti Chrome pọ̀, ṣe ló máa dúró gbagidi, àwọn ọmọ á wá máa pòṣé sí mi lórí. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n lọ ra processor i5. Ṣé kí n rà á?
Ìyá Ìbejì, Odogunyan, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ fi owó yín sápò ná. Ẹ̀bi processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kọ́. Bó bá tún dúró, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí ẹ wo Performance. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé Memory, ìyẹn RAM tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, á ti kún dẹ́nu, CPU, ìyẹn processor, á sì máa ṣe fàájì tiẹ̀. Bí RAM bá ti kún, inú hard disk ni Windows ń kó ẹrù tó ṣẹ́ kù sí, hard disk tó ń yí sì lọ́ra púpọ̀. Ariwo kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ nígbà náà, òun nìyẹn.

RAM DDR3 ti desktop ni kí ẹ rà, 4GB méjì tó jọra. Ìyẹn yá ju ẹyọ 8GB kan lọ. DDR4 kò lè wọ ihò rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fagídí tì í. Èyí tí wọ́n yọ lára server máa ń pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ECC Registered sí i, kò ní ṣiṣẹ́ fún yín. Kí wọ́n yọ wáyà iná kí wọ́n tó ṣí i. Bí kọ̀ǹpútà bá ń han lẹ́yìn tí wọ́n fi RAM sí i tí kò tàn, kí wọ́n fi írésà nu eyín aláwọ̀ góòlù ìsàlẹ̀ RAM náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi ró “kà”.

Ẹ wo Properties This PC náà. Bí ẹ bá rí 32-bit níbẹ̀, kò ní lò ju 4GB lọ nínú 8GB yẹn, àfi kí wọ́n gbé Windows 64-bit sí i. Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ àwọn ọmọ olọ́mọ sórí flash o!

Owó i5 yẹn, ẹ fi ra SSD, ìyẹn hard disk tí kì í yí. Ìyẹn lẹ máa rí ipa rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ i5, i5-2400 bá a mu. Ẹni tó bá gbé i5-3470 wá, ẹ ní kó gbé e padà: ihò 1155 kan náà ni wọ́n ń wọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n motherboard 790 kò mọ̀ ọ́n. Kó tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku inú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń wá bá mi ní Sábọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín, eruku pupa máa ń dì mọ́ abẹ́ fáànù wọn bí òwú, bí processor bá sì ti gbóná jù, fúnra rẹ̀ ló máa rọra sáré.

Ẹ má náwó rẹpẹtẹ sórí rẹ̀ ṣá o. Microsoft kò ka processor ìran kejì, bíi i3-2100 yín àti i5-2400, mọ́ àwọn tó lè lo Windows 11, wọ́n sì ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Títẹ̀wé ni kí ẹ máa fi ṣe. Ọ̀rọ̀ báńkì yín, ẹ gbé e kúrò lórí rẹ̀.