Ọkọ̀ Mi Ni, Ṣùgbọ́n Èmi Kọ́ Ni Mo Wà Á: Ìbéèrè Yín Lórí Ìjàǹbá Ọkọ̀

Lẹ́tà mẹ́rin ló wọlé láti inú Abẹ́òkúta lóṣù yìí, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń bèèrè: bí ẹlòmíràn bá fi ọkọ̀ mi ṣe jàǹbá, ta ni yóò san án? Agbẹjọ́rò kan àti ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ ìbánigbófò dunjú ló bá wa dáhùn wọn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbé Corolla mi fún àbúrò mi ọkùnrin pé kó bá mi kó àpò ìrẹsì márùn-ún ní Kútò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọbáńtokò. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Asérò. Bó ṣe ń jáde níbẹ̀ ló kọlu kẹ̀kẹ́ Máruwá láti ẹ̀yìn. Èrò méjì fara pa, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kán. Ọkọ̀ wà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá báyìí, ìrẹsì mi ṣì wà nínú búùtù. Onímáruwá ní ọlọ́kọ̀ lòún mọ̀. Wọ́n sì ní kí n wá tọwọ́ bọ̀wé pé èmi ni màá san gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi ní láísẹ́ǹsì, kò sì tíì tán. Ṣé èmi tí mi ò sí níbẹ̀ ni mo jẹ gbèsè yìí?
*Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ọbáńtokò*

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí ẹjọ́ yìí bá dé kóòtù, ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n sọ pé ẹ̀yin àti àbúrò yín lẹ jọ jẹ gbèsè náà. Kì í ṣe torí pé orúkọ yín ló wà nínú ìwé ọkọ̀ nìkan. Ohun tí òfin máa ń wò jù ni pé, iṣẹ́ ta ni ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ń jẹ́? Ìrẹsì yín ló lọ kó, ṣọ́ọ̀bù yín ló ń gbé e bọ̀, ìrẹsì náà sì wà nínú búùtù nígbà tí ọkọ̀ gbá kẹ̀kẹ́. Asérò tó yà sí kò jìnnà sí ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Irú ìyàkúrò kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sábà gba ẹni tó rán ni níṣẹ́ sílẹ̀. Ká ní ó ti já ìrẹsì sí ṣọ́ọ̀bù ni, tó wá tún gbé ọkọ̀ lọ sí òde àríyá ní Ṣágámù, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀ pátápátá.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òfin yìí ti wá, àwọn adájọ́ wa sì ń lò ó títí dòní. Ní 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ gbé mọ́tò rẹ̀ lọ mutí. Nígbà tí ọtí pa ọkọ náà, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun máa wà á, ọ̀rẹ́ yìí ló sì fi mọ́tò ṣe jàǹbá. Àwọn èrò tó wà nínú mọ́tò pe ìyàwó lẹ́jọ́. Àwọn adájọ́ ní kò jẹ wọ́n ní gbèsè, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Pé ó gbà kí ọkọ òun lo mọ́tò kò tó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ká yáni lọ́kọ̀ àti ká fi ọkọ̀ ránni níṣẹ́ nìyẹn, kódà láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé níbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, nǹkan tí kóòtù máa kọ́kọ́ gbà ni pé ẹni tó wa ọkọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ rán an. Ọrùn yín ló wà láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí onímáruwá fi ń wá ọlọ́kọ̀, kò sì ṣe àṣejù.

Ọ̀tọ̀ wá ni ọ̀rọ̀ owó, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn ìwàkuwà kan ẹnikẹ́ni, àbúrò yín ni, kì í ṣe ẹ̀yin. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé a ò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn, a ò sì gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ kí kóòtù yanjú. Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Torí náà, ẹ lọ sí àgọ́ náà, ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ sínú ìwé tí wọ́n bá fún yín: ẹni tí ẹ gbé ọkọ̀ fún, aago tí ẹ gbé e fún un, iṣẹ́ tí ẹ rán an. Ẹ má pa irọ́ pé ó jí ọkọ̀ gbé. Ìrẹsì inú búùtù yóò já yín, irọ́ yẹn nìkan sì lè sọ ọ̀rọ̀ owó di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

Ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tọwọ́ bọ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí èyí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìwé ìbánigbófò ló ní ìlà kan tó sọ pé ọlọ́kọ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bi tàbí ṣèlérí owó láì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò mọ̀. Ìwé ìlérí tí ẹ bá kọ lágọ̀ọ́ ni wọ́n máa nawọ́ sí tí wọ́n á fi sọ pé àwọn ò san mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàánú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tó sì yẹ kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ san owó náà fún ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára ẹ̀dà kan pé ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe gbígba ẹ̀bi. Bí ilé ìwòsàn bá ní àwọn ò fọwọ́ kan án láìsí owó, Òfin Ìlera ti 2014 kò fàyè gba kíkọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì sílẹ̀.

Ó wá ku ìbánigbófò. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, 15,000 náírà ni wọ́n ń san lọ́dún fún tọ́ọ̀dì páàtì ọkọ̀ àdáni, ìyẹn ìbánigbófò tó ń san fún ẹlòmíràn. 5,000 ni tẹ́lẹ̀. Ìbánigbófò yìí ló ń gbé ìpalára tí ọkọ̀ yín bá ṣe fún ara ẹlòmíràn, àti ohun ìní wọn tó bá bàjẹ́; mílíọ̀nù 3 náírà ni òpin ti ohun ìní. Kò ní tún bọ́ńpà tiyín ṣe o. Ìwé yìí sábà máa ń gbé ẹni yòówù tí ẹ bá fún láṣẹ láti wà á, bó bá ti ní láísẹ́ǹsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Torí náà, ẹ yẹ ti àbúrò yín wò dáadáa lónìí, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tó ń dun àwa ni pé ayédèrú ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń bá wa gbà mọ́ pátíkúlà (àwọn ìwé ọkọ̀) lẹ́bàá ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sórí askniid.org, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ ìbánigbófò ọkọ̀ wò. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò àti ọjọ́ tó máa parí bá jáde, ìwé yín wà nínú àkọsílẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá jáde, ẹ pe ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn kíákíá, kó má kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá sínú ìwé yín. Ẹ so ẹ̀dà láísẹ́ǹsì, ìwé ọkọ̀, ìròyìn ọlọ́pàá àti àwọn fọ́tò mọ́ ọn. Fọ́tò tó wúlò jù ni èyí tí a yà kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ kúrò: ojú títì lápá méjèèjì, ibi tí táyà ti fa ìlà dúdú, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà àti iná ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi nọ́ńbà 122 ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni.

Bí onímáruwá bá gbé iye owó kalẹ̀, kó mú ẹ̀rí wá. Òfin ò gba àfojúbù lórí owó tí èèyàn ti ná tàbí tó ti pàdánù; ohun tó ń fẹ́ ni rìsíìtì páànù àti wẹ́dà, àkọsílẹ̀ iye tó ń pa lójúmọ́, iye ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ fi wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé alẹ́ ni, tí kẹ̀kẹ́ ò sì ní iná ẹ̀yìn, adájọ́ lè yọ nínú owó náà, torí òun náà pín nínú ẹ̀bi.

Mo gbé ọkọ̀ mi fún mẹkáníìkì ní Adátán kó bá mi wo gíà. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pè mí pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ náà lọ síbi ìkómọ, ó sì ti wó ògiri onílé kan. Onílé ní èmi lòún máa pè lẹ́jọ́.
*Bàbá Ìbejì, Ìta-Ẹ̀kọ́*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Mẹkáníìkì kì í ṣe dẹ́rẹ́bà yín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ sì wà. Kódà bó bá jẹ́ pé ó ń wà á láti dán gíà wò ni, òun ni kò tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Ìkómọ ọjọ́ Àìkú wá jìnnà sí gíà pátápátá. Ògiri onílé àti mọ́tò yín, ọrùn mẹkáníìkì àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni méjèèjì wà. Ohun kan ló lè yí i padà: bí ẹ bá ti sọ fún un pé bó bá ti ṣe tán, kó bá yín gbé e wá sílé. Láti ìgbà tó bá ti gbéra láti gbé e wá, iṣẹ́ yín ló ń jẹ́.

Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo níbi tí kìlómítà àti epo ti hàn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: «Gíà nìkan ni. Ẹ má gbé e jáde láìpè mí.» Aago tí ẹ fi ránṣẹ́ á wà níbẹ̀. Bí kìlómítà bá ti fi 38 lé, kò sí àlàyé tó lè bo ìyẹn.

Mo ra kẹ̀kẹ́ Máruwá kan, mo gbé e fún ọmọkùnrin kan ní Láfẹ́nwá, ó ń dílífà fún mi lójoojúmọ́, ìyẹn ni pé ó ń kó owó iṣẹ́ wá fún mi. Ó ti sọ ọ́ rí pé bírékì ń wọlẹ̀, mo ní kó ṣe sùúrù di òpin ọ̀sẹ̀. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, ó ti gbá ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ó ní iṣẹ́ ara òun lòún ń ṣe, pé kò kàn mí. Ṣé òótọ́ ni?
*Oníkẹ̀kẹ́ kan*

Rárá, kì í ṣe òótọ́, a ò sì ní fi dídùn tàn yín. Owó kẹ̀kẹ́ yìí, ẹ̀yin ló ń pa á fún. Ẹ̀yin lẹ lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkigbà. Ó rọrùn fún adájọ́ láti sọ pé iṣẹ́ yín ló ń jẹ́. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ní ìwé tó sọ pé ńṣe ló ń san án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀, tí ìyẹn sì lè fún yín ní nǹkan sọ, ọ̀rọ̀ bírékì tún wà níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ẹ rán, ẹ̀bi tiyín gan-an ni. Ẹ mọ̀ pé bírékì ò dáa, ẹ sì jẹ́ kó wà lójú títì. Bó bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti sọ fún yín, ohùn yẹn yóò dé kóòtù. Ẹ má pa á rẹ́ o.

Bírékì kẹ̀kẹ́ kì í ṣàdédé wọlẹ̀. Yálà ìbòrí ṣúù rẹ̀ ti jẹ tán, tàbí epo bírékì ń jò nídìí táyà, tàbí atẹ́gùn ti wọ inú páìpù rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà tó rọ̀ bíi kànìnkànìn, tó sì le díẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra, atẹ́gùn ló sábà ń fà á; wọ́n máa fà á jáde, wọ́n á sì wá ibi tó gbà wọlé. Bí inú táyà bá tutù fún epo, jíjò ni. Nílùú àpáta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi tiwa yìí, kò sí èyí tó ṣeé fi dúró di òpin ọ̀sẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó ọjọ́ kan tí kẹ̀kẹ́ á pàdánù kò tó owó káàdì ilé ìwòsàn àti X-ray ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Ẹ wo ìwé ìbánigbófò rẹ̀ náà. 5,000 náírà ni ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 2 lórí ohun ìní ẹlòmíràn. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èrò ló ń gbé. Bí wọ́n bá kọ ìlò àdáni sí i, ilé iṣẹ́ náà yóò rí ibi sá gbà.

Láti 2023 ni mo ti ta Camry mi, àmọ́ a ò yí orúkọ ìwé padà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti àgọ́ ọlọ́pàá kan pé ọkọ̀ mi pa màlúù olówó. Kí ni mo máa ṣe?
*Tíṣà, Panṣẹ́kẹ́*

Tíṣà, ẹ má kọ̀ láti lọ. Ẹ mú ìwé àdéhùn títà náà dání, pẹ̀lú ẹ̀rí owó tó wọ àkáǹtì yín. Ìwé ọkọ̀ tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpin ẹ̀rí. Bí ẹ bá fi hàn pé ẹ ti tà á, ẹni tó rà á kì í jẹ́ iṣẹ́ yín, kò sì sí gbèsè lọ́rùn yín. Bí ìwé àdéhùn bá ti sọ nù, ẹ wá ẹni tó jẹ́rìí sí i, kẹ́ ẹ sì tẹ ìwé àkáǹtì oṣù tí ẹ tà á jáde ní báńkì.

Ẹ wá olùrà náà rí, kẹ́ ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ọkọ̀ láti yí orúkọ padà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì máa ta ọkọ̀ láti òní lọ, kó kọ ọjọ́ àti aago tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, nọ́ńbà ṣáàsí, àdírẹ́sì olùrà àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Aago yẹn ṣe pàtàkì, nítorí àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n tà wọ́n gan-an ni wọ́n ṣe jàǹbá, lójú ọ̀nà ilé olùrà.