Ṣé ewúro ló ń gbẹ omi ọmú?

Ẹnìkan bèèrè ìdí tí àwọn àgbà fi ń fi omi ewúro pa orí ọmú bí wọ́n bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Kí n tó dé, ẹlòmíràn ti dá a lóhùn pé ewúro ń wọnú ọmú lọ pa omi ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti gbọ́ àlàyé yìí títí ó fi sú mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ewúro kò mọ ọ̀nà inú ọmú. Ẹnu ọmọ ló ń bá wí.

Bí obìnrin bá lóyún, họ́mọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní estrogen, progesterone àti prolactin ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe omi ọmú pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìbímọ, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fa ọmú ni prolactin ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Òun ló ń mú omi wá, òun náà ló sì wà lára ohun tó ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn pé kí wọ́n má tíì kú. Tí ọmọ bá yẹnu kúrò, prolactin á lọ sílẹ̀, omi tí kò rẹ́ni fà á á kún ọmú, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á wá pa ara wọn. Wọ́n á fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká á sì gbé wọn mì, láìsí egbò. Apoptosis ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta, Kerr, Wyllie àti Currie, sọ irú ikú yìí ní 1972.

Wọ́n ti dí orí ọmú kan ṣoṣo lára èkúté rí. Ìyẹn nìkan ló gbẹ. Èyí tí àwọn ọmọ ń fà kò dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ẹ ò rí i pé omi tó há sínú ọmú náà ní ohun tó ń wí?

Lójú tèmi, àṣà tó gbọ́n jù ni gbígbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọjọ́ díẹ̀. Mo rí ìyálọ́mọ kan ní wọ́ọ̀dù wa: ọmọ ọlọ́mọ ló ké lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, aṣọ tirẹ̀ ló rin gbingbin. Họ́mọ́ọ̀nù oxytocin, èyí tó ń ti omi ọmú jáde, nìyẹn, igbe lásán tó o. Àwọn ìyá wa mú ẹnu ọmọ kúrò, wọ́n mú ohùn rẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Lónìí, oògùn ni wọ́n ń sáré rà. Bromocriptine ń mú prolactin wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí rọpárọsẹ̀ àti gìrì ni wọ́n ṣe ṣíwọ́ títà á fún gbígbẹ ọmú ní Amẹ́ríkà.

Ti ọ̀já tí wọ́n fi ń so ọmú, ẹ fi sílẹ̀. Ìrora ló ń dá sílẹ̀.

Ẹ máa yọ ọmú ọ̀sán kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ti òru sí ìgbẹ̀yìn. Bí ọmú bá le koko, ẹ fi ọwọ́ fún omi rẹ̀ jáde ní ìwọ̀nba tí ara á fi tù yín, ẹ má fún un tán. Bó bá gbóná tí ibà sì dé, ẹ lọ sílé ìwòsàn.