Ẹ má ra Mega: ohun tí VFD yín ń rí kọ́ ni mítà ń fi hàn yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Arduino Uno (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) tí mo gbé GRBL, ètò tó ń darí CNC, sí ni mo fi ń darí ẹ̀rọ CNC tí mo fi ń gbẹ́ igi. VFD (àpótí tó ń yí eré mọ́tò padà) tó ń darí spindle mi, ìyẹn mọ́tò tó ń yí irin ìgbẹ́, ń gba àṣẹ 0 sí 10 volt. Mo fa wáyà láti pin 11 lọ síbẹ̀ tààrà. Tí mo bá pàṣẹ ìdajì eré, mítà ń ka 2.5 volt, ṣùgbọ́n spindle kì í dúró sójú eré kan: á sáré, á tún rọ. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní Uno ni kò lágbára, pé kí n lọ ra Mega, Arduino tó tóbi jù ú lọ.

Ìdáhùn: Ẹ má ra Mega. 5 volt náà ni pin Mega ń gbé jáde, bíi ti Uno. Ó ń dùn mí pé owó àwọn èèyàn ṣì ń bá irú ìmọ̀ràn yìí lọ.

Mítà ló ṣì yín lọ́nà. Kò sí 2.5 volt kankan lójú wáyà yẹn. PWM ni pin 11 ń gbé jáde: ó ń tàn, ó ń kú, nǹkan bí ìgbà 976 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá tàn, 5 volt gbáko ni. Bó bá kú, òdo ni. Kì í dúró láàárín. Ìdajì eré tí ẹ pa láṣẹ kàn túmọ̀ sí pé ó tàn fún ìdajì àkókò, ó kú fún ìdajì tó kù. Mítà kò yára tó láti rí i, ó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó kọ 2.5 síwájú yín. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ so LED kékeré àti resistor 330 Ω mọ́ pin 11, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fì í sọ́tùn-ún sósì kíákíá. Ẹ ó rí i bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, kì í ṣe bí okùn tó já gaara.

VFD kì í ṣe mítà. Ó ń yọjú wo wáyà náà látìgbàdégbà. Bó bá bá a ní títàn, ó ka 5, bó bá bá a ní kíkú, ó ka òdo. Àwọn VFD kan ní asẹ́ (filter, ohun tó ń sọ títàn àti kíkú náà di volt tó dúró) nínú, ìyẹn ló fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì tí kò fi ṣiṣẹ́ fún yín.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sẹ́ PWM náà, lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Asẹ́ ni resistor 10 kΩ láti pin 11, àti capacitor 10 µF láti ẹnu kejì resistor náà sí GND (òdo volt Arduino), kí ẹsẹ̀ òdì rẹ̀ wà ní GND. Ìmìtìtì tó máa kù kò ju nǹkan bí 13 millivolt lọ. Bí ẹ bá fi 1 kΩ dípò 10 kΩ, ó di nǹkan bí 128. Tí ẹ bá wá ṣe é ní ìlọ́po méjì, spindle tó ń yí ìgbà 24000 ní ìṣẹ́jú kan á máa fi nǹkan bí 600 yẹ̀. Ẹ fi 10 kΩ mìíràn sáàárín pin 11 àti GND gan-an, nítorí pin náà kì í di ohunkóhun mú nígbà tí Arduino bá ń jí.

Ìlọ́po méjì jẹ́ iṣẹ́ LM358, chip kékeré tó ń sọ volt di ńlá. Ohun tó jáde láti asẹ́ wọ ẹsẹ̀ 3. 10 kΩ láti ẹsẹ̀ 2 sí GND, 10 kΩ mìíràn láti ẹsẹ̀ 1 sí ẹsẹ̀ 2. Ẹsẹ̀ 4 sí GND. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni ẹsẹ̀ 8: wọ́n á fún un ní 5 volt Arduino. LM358 kì í gbé tó iná tí ẹ fún un, ó máa ń fi nǹkan bíi volt kan àti ààbọ̀ sílẹ̀. 5 volt ò lè mú ju 3.5 jáde. 15 volt ni kí ẹ fún un. 12 volt á ṣe é, tipátipá.

Nínú GRBL, ẹ kọ $30=24000, ìyẹn eré tó ga jù. Ẹ pàṣẹ M3 S12000, ẹ wọn ẹsẹ̀ 1: 5 volt. S24000: 10 volt. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó so ó mọ́ VFD, GND sí ACM, tẹ́mínà òdo ti VFD. Lórí VFD Huanyang, ètò PD002 á jẹ́ 1 (kí ó gba àṣẹ eré láti tẹ́mínà), PD070 á jẹ́ 0 (0 sí 10 volt). Orúkọ tẹ́mínà àti nọ́ńbà yàtọ̀ láti VFD sí VFD, ìwé tó bá tiyín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí tiyín bá lè gba 0 sí 5 volt, LM358 kò pọndandan, ṣùgbọ́n asẹ́ kò ṣeé yọ.

Ẹ má di wáyà yìí pọ̀ mọ́ kébù spindle. Bí USB bá ń já, tàbí tí limit switch (swíìṣì tó ń sọ pé ẹ̀rọ ti dé òpin ọ̀nà) ń ṣe bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ariwo iná tí VFD ń tú jáde ló ń wọlé. Ẹ lo kébù tó ní ìbòrí, kí ẹ so ìbòrí náà mọ́ ilẹ̀ ní ẹnu kan ṣoṣo.

Mi ò rí bí ẹ ṣe so tiyín, ẹ jẹ́ kí oníná tó mọ VFD yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú VFD tó ń lo iná 230 volt, nǹkan bí 325 volt DC ló máa ń wà nínú àwọn capacitor rẹ̀, kì í sì í lọ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá pa á. Ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì wọn ọ́n kí ọwọ́ yín tó kan ohunkóhun. Bọ́tìnnì ìdúró pàjáwìrì gbọ́dọ̀ gé àṣẹ lẹ́nu VFD fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé e gba inú Arduino.