Ọ́síjìn, Àdá àti Ìkòkò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àdá tí mo gbàgbé sí ẹ̀yìnkùlé fún òjò ọdún méjì ti dógùn-ún débi pé etí rẹ̀ ń rún dànù, bẹ́ẹ̀ ìkòkò alumíníọ̀mù tí ìyá mi ti ń lò láti ìgbà èwe mi kò dógùn-ún rárá. Ṣé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kì í mú alumíníọ̀mù ni? Wúrà ńkọ́? — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé sí wa. Yóò yà yín lẹ́nu pé ọ́síjìn tètè ń mú alumíníọ̀mù ju irin lọ. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha ara ìkòkò yẹn títí tó fi dán, lójú ẹsẹ̀ ni ọ́síjìn, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí, yóò ti dà pọ̀ mọ́ ojú ibẹ̀, tí yóò sì di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú lásán kò lè rí. Awọ náà le, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, kò sì jẹ́ kí ọ́síjìn mìíràn ráyè kọjá. (Káún tí à ń fi se ẹ̀wà lè jẹ awọ yìí, ó sì wà lára ohun tó ń sọ inú ìkòkò di dúdú.)

Ti irin yàtọ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tútù, ọ́síjìn nìkan kò lè mú un dógùn-ún àfi bí omi bá wà níbẹ̀. Iyọ̀ sì tún ń mú un yá, èyí ló ń tètè ba páànù àwọn ilé etí òkun jẹ́. Èépá pupa tó ń hù jáde gba ààyè ju irin tó sọ di èépá lọ, nítorí náà ó ń wú, ó ń ṣí, irin tuntun á tún hàn síta, ọ́síjìn àti omi á sì tún mú ìyẹn náà. Bí irin bá ti pọ́n nínú iná, kò tilẹ̀ dúró de omi mọ́: èépá dúdú tó ń bọ́ sílẹ̀ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń lù ú, irin àti ọ́síjìn ni.

Síǹkì tí wọ́n fi ń bo páànù ni ọ́síjìn àti omi kọ́kọ́ ń jẹ kí wọ́n tó kan irin abẹ́ rẹ̀. Ọ́síjìn kì í mú wúrà, kódà nínú iná. Fàdákà tó dúdú ní tirẹ̀, imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló fà á, kì í ṣe ọ́síjìn.

Ní ti àdá yín, ẹ fi yanrìn ha á, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa á lára kí omi má baà kàn án mọ́. Etí tó ti rún, alágbẹ̀dẹ ló kù tó lè bá yín tún un lù.