Ṣé Ìbínú Ọlọ́run Ni Gbogbo Àrá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Olùkọ́. Bí àrá bá ti sán, ìyá ọkọ mi á ní Ọlọ́run ń bínú sí ẹnì kan ládùúgbò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì wí? – Ìyá Tóbi, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Tóbi, ẹ má bá màmá jiyàn o; wọ́n níbi tí wọ́n ti rí i. Nínú 1 Sámúẹ́lì 12, àwọn èèyàn ti béèrè ọba, Sámúẹ́lì sì ké pe Olúwa nígbà ìkórè àlìkámà. Àrá sán, òjò rọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun burúkú ni wọ́n ṣe lójú Olúwa bí wọ́n ṣe béèrè ọba. Ní Ísírẹ́lì, ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé nígbà ìkórè yẹn, òjò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ń kà á nínú òjò Òkudù tiwa níhìn-ín lè má rí ìyanu kankan níbẹ̀!

Àmọ́ ní Òkè Sínáì, májẹ̀mú Ọlọ́run pẹ̀lú Ísírẹ́lì ni àrá bá wá, kì í ṣe ìbínú. Jòhánù 12:29 ni èmi fẹ́ràn jù: ohùn dá Jésù lóhùn láti ọ̀run, àwọn kan ní àrá ló sán, àwọn mìíràn ní áńgẹ́lì ló sọ̀rọ̀. Jésù fúnra rẹ̀ sì pe Jákọ́bù àti Jòhánù ní Ọmọ Àrá.

Ẹ ka Ìfihàn 10:4 fún màmá. Àrá méje fọhùn, ohùn kan láti ọ̀run sì ní kí Jòhánù má kọ ohun tí àwọn àrá náà sọ.